Bí A Ṣe Mú Màmá Rìn Dallas Já

Kí Màmá tó dé, ilé wa ní Duncanville dákẹ́ débi pé kíkùn ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́yìn ilé ni a fi ń mọ̀ pé oòrùn ti mú. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, òru ló sì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nítorí náà ọ̀sán gangan ni oorun tirẹ̀. Dàdí ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní àárín ìlú, kùtùkùtù ló sì máa ń bọ́ sórí fríwéè kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Tóbi àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, a ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí a ti yí ohùn rẹ̀ walẹ̀ débi pé ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ nìkan là ń rí tó ń mì. Bí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún, a kì í ṣílẹ̀kùn. Bí Tóbi bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ti bò ó lẹ́nu. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bí ọmọ méjì tèmi ní Cedar Hill, mo sì mọ̀ pé àwọn òbí wa kò fi ìkà ṣe é. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe kí a lè jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí nígbà ìsinmi sọ́mà kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń wúwo tó lórí ọmọdé.

Màmá dé, ìdákẹ́jẹ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá tó bí Dàdí ni, Ìsẹ́yìn ló sì ti wá. Nínú àpótí méjì tó gbé dé, aṣọ kò kún ìdajì ọ̀kan. Gààrí, ẹ̀gúsí àti ata gígún ló kún ìyókù, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ọwọ̀ kan tó fi ankárà wé bí ìgbà tí wọ́n wé ọmọ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó là, àtẹ́wọ́ àdúrà ló jí wa. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣá, ṣá, ṣá. Màmá ń fi ọwọ̀ gbá kápẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì bẹ̀ ẹ́ títí pé ẹ̀rọ wà tó ń ṣe é, ó tan ẹ̀rọ náà fún un kó lè rí i. Màmá ní òun ti rí i, pé nǹkan tó ń pariwo báyìí kì í ṣe pé ó ń gbálẹ̀, ìjà ló ń bá ilẹ̀ jà. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣí ẹ̀rọ ìfọ̀wo tó wà lábẹ́ kańtà kíṣìnnì, ó rí àwọn àwo tí mo ti fi ọwọ́ fọ̀ tí mo tò síbẹ̀ kí omi ara wọn lè gbẹ. Ó béèrè iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Mọ́mì ní àwo ló ń fọ̀. Màmá wo ẹ̀rọ, ó wo èmi tí mo dúró pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́, ó wá béèrè pé, ta wá ni èyí? Ọmọ Yorùbá kan kò sí ní gbogbo Dallas tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Dami ni wọ́n ń pè mí níléèwé, àwọn olùkọ́ mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ló kọ́kọ́ pè mí ní Àníkẹ́, tí mo sì wo ẹ̀yìn mi láti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú Màmá kò dúró sínú ilé. Lọ́sàn-án, á fi ìka méjì ya bíláńdì fèrèsé, á yọjú síta, á béèrè lọ́wọ́ mi pé, àwọn èèyàn dà? N kì í mọ èsì. Lóòótọ́, ní àdúgbò wa, ọkọ̀ lèèyàn ń rí, kì í ṣe èèyàn: ọkọ̀ á dé, ilẹ̀kùn gáréèjì á gbé e mì, ó parí. Ní Sátidé kan, ọkùnrin tó ń gé koríko ní iwájú ilé kejì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, Màmá sáré jáde lọ kí i kú iṣẹ́. Ọkùnrin náà juwọ́ sí i láì pa ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì dúró. Màmá wọlé padà bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tó fi pe Dàdí jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo wà nídìí tábìlì kíṣìnnì, mò ń ká aṣọ iṣẹ́ Mọ́mì, wọn kò sì ka tèmi sí.

Màmá ní, "Kúnlé, o ṣe ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kọ́mọ tìẹ náà tọ́jú ẹ. Àmọ́ dá mi padà sílé. Mo ń jẹun, mo ń sùn, n ò ríran. Kí ni kí n sọ fáwọn tó wà nílé pé mo rí l'Amẹ́ríkà? Ògiri?"

Dàdí ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ dókítà ojú tó fẹ́ mú un lọ bá. Màmá ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Nígbà tí àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòwe, ẹ̀bẹ̀ ti tán nìyẹn. Dàdí dọ̀bálẹ̀, ó ní kó fún òun di ìparí oṣù Keje, òun á bá a yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà. Mo ká ṣòkòtò kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó mọ̀ pé ẹkún ni mò ń sun. Mo mọ̀ pé bí Màmá bá lọ, a ó tún yí ohùn tẹlifíṣọ̀n walẹ̀. Mo pinnu nínú ara mi, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò mọ ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, pé èmi ni n óò dá Màmá dúró.

Ohun ìjà tí mo ní ò ju ìwé pélébé kan lọ. Ibi ìkàwé ìlú ni wọ́n ti fún wa, wọ́n to àwọn ibi tí ìdílé lè lọ ní sọ́mà sínú rẹ̀: ọgbà ẹranko, ibi omi, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, adágún, ọgbà òdòdó. Mo mú un lọ bá Mọ́mì lórí ibùsùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé ni kì í lọ síbi iṣẹ́, oorun ló sì máa ń fi wọ́n sùn. Ó ní ó ti rẹ òun, Dàdí á mú wa lọ lọ́jọ́ kan. Mo wá sọ ohun tí Màmá wí gẹ́lẹ́ fún Mọ́mì, pé òun ò ríran.  Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé nípa ìyàwó tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá tètè ti ìlú òyìnbó dé. Mọ́mì dìde, ó ní kí n lọ wá bàtà Tóbi. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń dìde ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé láti se oúnjẹ ọ̀nà, nítorí pé kò gbà kí ọmọ òun jẹun níta. Mọ́ínmọ́ín inú fóìlì, dòdò, adìyẹ díndín, gbogbo rẹ̀ á wọ inú kúlà ńlá tí èmi àti Mọ́mì máa ń gbé ní tọ̀tún tòsì. Ó ní ẹni tó bá gbé oúnjẹ rẹ̀ dání, àlejò kọ́ ló jẹ́ níbikíbi tó bá dé.

Páàkì kan la kọ́kọ́ lọ, níbi tí omi ti máa ń tú jáde láti inú ilẹ̀ kọnkéré káwọn ọmọdé lè ṣeré nínú rẹ̀. Bí a ṣe débẹ̀, ilẹ̀ náà gbẹ, Màmá sì jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò yíká bóyá ibẹ̀ náà là ń pè ní ìran. Àfi bí omi ṣe yọ lójijì ní ọ̀nà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ga ju Mọ́mì lọ, tí oòrùn sì ń tàn nínú rẹ̀. Màmá dìde fùú. Ó béèrè ẹni tó tú u. Mo fi òpó kan hàn án, mo ní bí èèyàn bá ti fọwọ́ kàn án, omi á dé. Ó ní irọ́ ni. Nígbà tí omi dáwọ́ dúró, òun fúnra rẹ̀ lọ fọwọ́ kan òpó náà, omi sì dìde níwájú rẹ̀ bí ẹni pé àṣẹ ló pa.  Ó ní, "Níbi tèmi, òkè lòjò ti ń rọ̀. Níbí, ilẹ̀ ló ń rọ̀jò sókè." Lẹ́yìn náà, ó bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì wọ àárín omi náà lọ láàárín àwọn ọmọ òyìnbó, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ Mẹ́síkò. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, omi ń nà án látẹ́lẹwọ́. Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà mélòó kan kó tó dọjọ́ náà, mo ti sáré kiri ibẹ̀ títí, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe mí rí bí ẹni pé nǹkan àrà ni. Ọjọ́ yẹn, orí mi wú.

Ọgbà ẹranko ló tẹ̀ lé e. Màmá ti pàlọ́ erin fún wa tó, a ti mọ bí ìjàpá ṣe mú erin wọ̀lú, Tóbi sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé màmá àgbà òun ní erin lẹ́yìn ilé. A rò pé yóò kàn juwọ́ sí i bí ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ sí ibi tí erin wà, Màmá dúró lójú kan náà, ó gbá apá mi mú, ó sì fún un mọ́ra. Ó ní òun ò rí i rí. Èmi àti Tóbi wo ara wa. Ó ṣàlàyé fún wa pé kí wọ́n tó bí ìyá òun ni erin ti tán nínú igbó àgbègbè wọn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, àti oríkì, àti àlọ́. Láti kékeré lòun ti ń sọ ìtàn ohun tí òun ò fojú rí. "Ní Dallas," ó ń mirí, "nínú gbogbo ayé, Dallas ni mo ti wá rí Àjànàkú." Erin náà bá yí ojú sí wa, ó ń fẹ etí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o, bàbá." Obìnrin òyìnbó kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì ohun tí Màmá ń sọ. Ojú ti Mọ́mì, ó ní àdúrà ló ń gbà. Kò parọ́ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, Màmá tún kí egungun ẹranko àtijọ́ kan tó ga dé àjà. Ó ní ohun tó bá ti dàgbà ju òun lọ, òun á kí i, ì báà jẹ́ egungun. Tóbi ní, "But it's dead, Màmá." Màmá béèrè bóyá ó dàgbà ju Ádámù lọ, Mọ́mì sì yára ní ká jẹ́ ká lọ wo àwọn òkúta tó ń dán.

Báyìí la ṣe ń lọ. Mo ń wo ojú Màmá ju bí mo ṣe ń wo ìran lọ. Nígbà mìíràn, mo máa ń ronú pé àwọn ọmọ mi tí mò ń gbé kiri báyìí, tí wọ́n ń dá mi lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì láti ẹ̀yìn ọkọ̀, kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀ láti wò. Oṣù Keje ń lọ sópin. Dàdí béèrè lọ́wọ́ Màmá nídìí oúnjẹ bóyá ó ti yí ọkàn padà, Màmá ní ọjọ́ tí àwọn dá kò tíì yẹ̀. Dàdí ti yí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Mo ti ẹran inú àwo mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọgbà òdòdó ńlá tó wà lẹ́bàá adágún ní apá ìlà-oòrùn ìlú ni mo fi pamọ́ sẹ́yìn, nítorí ẹnu máa ń ya gbogbo ẹni tó bá débẹ̀.

Sátidé la lọ, oòrùn sì mú bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Bí a ṣe wọ ẹnu ọ̀nà, Màmá pariwo. Mo rò pé òdòdó ló rí. Kókò ló rí, ewé kókò tó fẹ̀ bí agbòjò, wọ́n gbìn ín lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó béèrè ẹni tó ni oko. Mo ní kì í ṣe oko, wíwò ni wọ́n ń wò ó.

"Wọn ò ní wà á?"

"Wọn ò wà á, mà."

Ó wò mí bí ẹni wo òpùrọ́. A rìn síwájú díẹ̀, ó tún rí ewé ọ̀dùnkún tó ń fà nílẹ̀, òmíràn aláwọ̀ ewé, òmíràn pupa rúsúrúsú. Ìyẹn náà, wíwò ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Ó ní àwọn èèyàn yìí ti yó débi pé wọ́n ń fi oúnjẹ ṣe ọ̀ṣọ́. Síbẹ̀ ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ ọ jẹ́jẹ́, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Tóbi fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mọ́mì mú un dání, ó fi èmi àti Màmá sórí bẹ́ńṣì kan, ó ní kí n má kúrò lọ́dọ̀ Màmá o. Mo ní yẹs mà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nítòsí tí omi tútù ti ń fẹ́ bí ìkúukùu láàárín àwọn igi, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ń sáré wọ inú rẹ̀, a kò sì rí wọn mọ́, àfi ẹ̀rín wọn. Mo ní, "Màmá, mò ń bọ̀." Ó mirí. Ìṣẹ́jú méjì ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀yin náà mọ ìṣẹ́jú méjì ọmọdé. Nígbà tí mo padà dé, ìgò omi Màmá ló wà lórí bẹ́ńṣì náà. Màmá ò sí níbẹ̀.

Mọ́mì dé, ó bá èmi nìkan. Kò nà mí, kò jágbe. Ìbá sàn kó jágbe. Ó mú ìgò omi náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò dín, ojú rẹ̀ sì yí padà. Gbogbo sọ́mà ló ti ń sọ fún wa nípa àwọn arúgbó tí oòrùn ń dá wó, tí wọ́n ń gbé wá bá wọn lọ́sibítù. A sáré lọ bá ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ọgbà kan tó ní rédíò lọ́wọ́. Mọ́mì kò rí èémí mí, nítorí náà èmi ni ọmọbìnrin náà bi léèrè. Ó ní kí ni orúkọ màmá àgbà mi. Mo ní Màmá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Her real name, sweetie."   Mo ti mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí nínú irun mi, mo mọ òórùn àdín ara rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń húkọ́ kó tó wọlé, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é rí létí mi. Mọ́mì ló wá ní, "Mama Kunle." Wọ́n kéde Mama Kunle, bí ẹnu wọn ṣe lè pè é mọ. Àwọn òkúta kan wà láàárín òdòdó tí orin ti ń jáde láti àárọ̀. Gbohùngbohùn ni, wọ́n kàn ṣe é bí òkúta ni. Láti inú wọn ni ìkéde náà ti jáde ní gbogbo ọgbà. A dúró. Kò sí ẹni tó dé.

Ọmọbìnrin náà béèrè orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Mọ́mì ya ẹnu, ó pa á dé. Mo rò pé ó ti gbàgbé ni. Kò gbàgbé, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù físà Màmá. Ọdún mọ́kànlá tó ti wọlé ọkọ, kò dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ rí, kì í ṣe níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, àní lọ́jọ́ tí ẹ̀mí wà nínú ewu. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo ìwé, ó gbìyànjú láti pè é, kò yé èèyàn. Mọ́mì bá tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sí mi létí, ó sọ orúkọ náà bí ẹni tó ń jí i.

"Ìwọ pè é. Ọmọdé ṣì ni ẹ́, wọn ò ní kà á sí ẹ lọ́rùn."

Mo gba makirofóònù ara rédíò náà. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò rántí sọ Màmá, n kò rántí ẹ jọ̀ọ́, orúkọ nìkan ló jáde. "Ìbíyẹmí! Ìbíyẹmí o!" Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń jáde láti inú gbogbo òkúta, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, títí lọ dé etí adágún. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi kan.  Ó dà bí ẹni pé n kò yẹ ní ẹni tó ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. A tún dúró. Ẹnikẹ́ni kò jáde wá. Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tó gbóná, ó ń pe Jésù.

Ẹkún ni mo fẹ́ bú sí kí ewé kókò tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mọ́mì pè mí, ó dìde, ó gbá tẹ̀ lé mi pẹ̀lú Tóbi lọ́wọ́. Mo tọ kókò lọ títí ó fi tán, mo bọ́ sójú ọ̀dùnkún, mo tọ ọ̀dùnkún náà sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn kan tí a kò tíì dé, mo yà lẹ́yìn ìsun omi kan, mo sì rí i. Màmá jókòó sórí ògiri kúkúrú lábẹ́ igi ńlá, adágún ń dán níwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tú gèlè rẹ̀, ó ti fi wé etí rẹ̀ méjèèjì pinpin. Ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì. Mo kúnlẹ̀, mo pè é, kò dáhùn àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Ó la ojú. Ó fọwọ́ pa mí lójú, ó pa mí nímú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran ara ni mí.

"Àníkẹ́, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà."

Mọ́mì dé, ó fún un lómi, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ. Màmá mu omi náà tán. Ó wá fi ìka tọ́ka sí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òkúta yìí pe òun. Mọ́mì ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni, mà? Kí ló wá dé tí ẹ ò dáhùn?" Màmá wò ó bí ẹni tó béèrè ìbéèrè òmùgọ̀.

"Ta ní í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí?"

Mọ́mì fọwọ́ bo ẹnu. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ilé Yorùbá kan kò sí tí wọn kì í kọ́ ọmọ pé kó má dáhùn bí ohùn tí kò rí olóhùn rẹ̀ bá pe orúkọ rẹ̀. Dallas ló jẹ́ kó gbàgbé. Bí a ṣe ń pariwo orúkọ Màmá kó lè jáde sí wa, bẹ́ẹ̀ ló ń wé gèlè mọ́ etí.

Màmá ní, "Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ni. Kò sẹ́ni tó kù láyé tó lè là á mọ́ mi lórí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kẹ́gbọ́n mi obìnrin tó kú ni mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ohùn ọmọdébìnrin ló sì pè mí, kò fi Màmá kún un, kò kí mi, bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa nídàájí pè mí ká jọ lọ pọnmi. Gbogbo wọn ti kú tán. Mo ní wọ́n ti dé nìyẹn, wọ́n wá mú mi."

 Mo tún kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo ní èmi ni mo pè é, èmi ni mo fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, kó dárí jì mí. Màmá wò mí. Ó wo òkúta náà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe wo erin ló ń wò mí. Mọ́mì rọra béèrè ohun tí Màmá ń sọ nígbà tí ètè rẹ̀ ń mì, bóyá Sáàmù ni.

"Sáàmù kẹ̀? Àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo ní èmi àtàwọn ọmọ mi la jọ jáde, a ò tíì ṣeré tán."

Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó béèrè ohun tó wà lókè àtẹ̀gùn kejì tí a kò tíì gbà. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ká lọ wò ó. Mọ́mì nu ojú, ó gbé Tóbi pọ̀n, a sì gun àtẹ̀gùn náà lọ, Màmá ló ṣíwájú.